Point of Rocks, Brunswick àbí Harpers Ferry: níbo ni kí ẹ ti ya ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù létí kánáálì?

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ń gbé ní Laurel, ní Maryland níbí, ra kámẹ́rà tuntun. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi pè mí: "Àbúrò, àwọn ọkọ̀ ojú irin gbọọrọ tí o máa ń yà yẹn, ibo ni mo ti lè rí wọn? Gbogbo ẹni tí mo bi ní kí n máa lọ sí Harpers Ferry." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì lọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ fún yín." Ohun tí mo kọ fún wọn ni mo tún tò síbí, torí àwa Yorùbá pọ̀ ní Maryland àti Washington, ọ̀pọ̀ wa ni kò sì mọ̀ pé ibi tó dára tó báyìí fún iṣẹ́ yìí kò ju bíi wákàtí kan sí ilé wa lọ.

Etí odò Potomac ni à ń sọ, láti Point of Rocks dé Harpers Ferry. Máìlì méjìlá àti ààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Níbẹ̀, odò ńlá, kánáálì, ọ̀nà ìbaaka àti ojú irin ń fara kan ara wọn, nítorí òkè kò fún wọn láyè. Kánáálì Chesapeake and Ohio jẹ́ odò tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ láti Georgetown dé Cumberland, máìlì 184.5. Ìbaaka tó ń rìn lọ́nà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń fa ọkọ̀ inú rẹ̀, èédú sì ni olórí ẹrù. Ọjọ́ kan náà, 4 July 1828, ni Ààrẹ John Quincy Adams fi ṣọ́bìrì kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ kánáálì yìí, tí Charles Carroll sì fi òkúta ìpìlẹ̀ ojú irin Baltimore and Ohio (B&O) lélẹ̀ ní Baltimore. Ìdíje ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ojú irin dé Cumberland ní 1842; kánáálì kò débẹ̀ títí di 1850. Lẹ́yìn omíyalé 1889, ọwọ́ ilé iṣẹ́ ojú irin náà gan-an ni kánáálì bọ́ sí, omíyalé 1924 ló sì pa á pátápátá. Ìjọba àpapọ̀ rà á ní mílíọ̀nù méjì dọ́là ní 1938, wọ́n sì sọ ọ́ di ọgbà ìtàn orílẹ̀-èdè ní 1971. Ojú irin ní tirẹ̀ kò dákẹ́. Ilé iṣẹ́ ojú irin CSX ló ń lò ó lónìí.

Anfààní méjì ni ìtàn yìí ṣe fún ayàwòrán. Èkíní, ọ̀nà ìbaaka ti di ti gbogbo ènìyàn. Ẹ lè rìn ín, ẹ lè gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀, ẹ lè dúró síbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ láìtẹ ilẹ̀ CSX rárá. Èkejì ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo ohun tó kù lọ: ní gbogbo máìlì méjìlá yẹn, apá gúúsù ojú irin ni kánáálì wà. Ẹni tó bá dúró lórí ọ̀nà ìbaaka tó kọjú sí ọkọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni oòrùn wà fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́. Ọkọ̀ á mọ́ kedere, nọ́ńbà ara rẹ̀ á ṣeé kà, òjìji kò sì ní gbé ojú rẹ̀ mì.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín

Kí ẹ tó yan ibì kan, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ ń wá. Ṣé ọkọ̀ púpọ̀ lẹ fẹ́ rí lọ́jọ́ kan? Ṣé ibi gíga tí ojú ti lè rí odò, afárá àti ìlú papọ̀ lẹ fẹ́? Àbí ẹ fẹ́ kí kánáálì àti ọkọ̀ jọ wà nínú fọ́tò kan ṣoṣo? Brunswick ló dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́, Harpers Ferry ló dáhùn èkejì. Ẹ̀kẹta le ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí pé lágbègbè yìí kánáálì ti gbẹ, igi sì ti hù bo ọ̀pọ̀ ibi nínú rẹ̀. Ìdáhùn tèmi sí i kò sí nínú ibi mẹ́ta tí mo kọ sí àkọlé. Màá dé ibẹ̀.

Point of Rocks

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kan péré lọ́dún, ibí ni kí ẹ lọ. Ojú irin méjì ló pàdé níbẹ̀: èyí àtijọ́ tó ti Baltimore wá, àti èyí tó ti Washington wá, tí wọ́n ṣí ní 1873. Láàárín oríta wọn ni ibùdókọ̀ tí E. Francis Baldwin yàwòrán rẹ̀ dúró sí, ilé bíríkì pupa pẹ̀lú òrùlé ṣóńṣó bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ èrò MARC ń dúró níbẹ̀, pèpéle rẹ̀ sì wà fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ará ìta wọ inú ilé náà. Ìwọ̀ oòrùn ni imú oríta náà kọjú sí. Nítorí náà, ọ̀sán títí dé ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ débẹ̀. Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ ó bá ojú ilé náà nínú òjìji.

Ohun tí Point of Rocks fi ju Brunswick lọ ni pé ọkọ̀ yóò sọ ibi tó ń lọ fún yín bó ṣe ń yà. Ọkọ̀ èédú tó ti Cumberland bọ̀, tó ń lọ sí èbúté Curtis Bay ní Baltimore, ẹ ó rí i tó ń tẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé ṣóńṣó yẹn, wágọ́ọ̀nù lẹ́yìn wágọ́ọ̀nù, gbogbo rẹ̀ ń kọ dúdú sí bíríkì pupa. Lẹ́ńsì 70–200mm ló bá ibí mu jù, torí ó máa ń fa ilé àti ọkọ̀ súnmọ́ ara wọn. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ létí òkun máa ń dé ibí pẹ̀lú. Nígbà tí afárá Francis Scott Key wó ní Baltimore ní 26 March 2024, ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ èbúté dí, èédú kò rí ibi jáde gba ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kí ẹ tó wakọ̀ lọ dúró de èédú, ẹ kọ́kọ́ ka ìròyìn èbúté.

Ìtàn ibẹ̀ tún wà tí kò sí níbòmíràn. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Ní Point of Rocks, òkúta sọ̀kalẹ̀ dé etí odò débi pé àyè tó ṣẹ́kù kò tó kánáálì àti ojú irin. Wọ́n gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ gíga Maryland sì dá kánáálì láre ní 1832. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kò láti jọ gba ibẹ̀ kọjá dé Harpers Ferry. Ẹ ṣì lè rí ìjà náà pẹ̀lú ojú yín: ojú irin kan gba inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè ní nǹkan bí 1868, èkejì yí ẹsẹ̀ òkè náà ká ní ìhà kánáálì. Ẹ rìn díẹ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn lórí ọ̀nà ìbaaka, ẹ wo ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ bá ti inú ihò yẹn yọ orí jáde, gbogbo ẹjọ́ 1832 ló wà nínú fọ́tò yín.

Àléébù rẹ̀? Ọkọ̀ èrò. Mo ti dúró wákàtí mẹ́ta níbẹ̀ rí láti ya akẹ́rù kan ṣoṣo, nígbà tó sì dé, ọkọ̀ èrò dúró gbọnrangandan níwájú mi títí akẹ́rù fi kọjá tán. Láti ìgbà náà, Saturday tàbí Sunday ni mò ń lọ. MARC kì í ná ọ̀nà yìí ní òpin ọ̀sẹ̀. Yàtọ̀ sí ọkọ̀ Amtrak, akẹ́rù ló ni ojú irin. Ẹ ó wá rí i pé ẹ kò lè bá MARC lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni, kí kẹ̀kẹ́ sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀.

Brunswick

Mi ò ní pẹ́ níbí, torí kò le yé ni. Ìlú ojú irin ni. Berlin ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀; ní 1890 ó di Brunswick, nígbà tí B&O kọ́ ọgbà ìtọ́kọ̀ tó gùn lọ ní ọ̀pọ̀ máìlì síbẹ̀. Ọgbà náà ti sún kì, MARC náà sì ń tọ́jú ọkọ̀ tirẹ̀ síbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ ó ṣì rí ohun tí ẹ kò ní rí ní Point of Rocks: ọkọ̀ tó dúró. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kámẹ́rà nílò ìyẹn. Ọkọ̀ tó dúró á fún yín láyè láti yí ìmọ́lẹ̀ padà, láti wo táyà irin, láti ya ìpata ara rẹ̀.

Àgbà tí orúnkún ń dùn, tàbí òbí tó mú ọmọ kékeré dání, Brunswick ni kí wọ́n yàn. Ibi ìgbọ́kọ̀sí súnmọ́, oúnjẹ súnmọ́. Ilé tí wọ́n kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ojú irin sí ní Potomac Street ni ibi ìgbàlejò kánáálì náà wà. Ibi tí ọ̀nà ti gba orí irin kọjá ló gbé yín dé lọ́ọ̀kì 30, ọ̀kan nínú lọ́ọ̀kì 74 tí wọ́n fi ń fi omi gbé ọkọ̀ kánáálì sókè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá fọ́tò tó lẹ́wà, ẹ má retí rẹ̀ níbí. Òpó, wáyà, ògiri, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó wà nílẹ̀, gbogbo wọn ló ń yọjú wọ fọ́tò.

Harpers Ferry

Gbogbo ènìyàn tí wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi lọ síbẹ̀ kò ṣìnà. Ibi tí odò Shenandoah ti pàdé Potomac ni, West Virginia ní ìhà kan, Maryland ní ìhà kejì. Òkè Maryland Heights ga fíofío lórí odò, ojú irin sì gba inú rẹ̀ kọjá nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ ní 1894. Ẹni tó bá gun òkè náà dé orí àpáta tí wọ́n ti ń wo ìlú, abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ máa ti jáde sórí afárá. Àárọ̀ ni kí ẹ gùn ún, kí oòrùn lè wà lẹ́yìn yín bí ẹ ṣe ń wo ìlú. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ tó máìlì mẹ́rin àti ààbọ̀, ibi tó ń gòkè nínú rẹ̀ sì le. Kí ẹ tó dókè, ẹ lè gbọ́ ìfèrè ọkọ̀ tí ẹ kò ní bá. Bẹ́ẹ̀ ló rí níbẹ̀: ìran rẹ̀ ju ti ibi méjì yòókù lọ, ṣùgbọ́n fọ́tò kan náà ni gbogbo wa ń mú bọ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí á ti kún láàárọ̀ kùtùkùtù.

Afárá méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tí akẹ́rù ńlá ń gbà jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Èkejì, ti 1894, ló gbé ojú irin tó ń lọ sí Winchester, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó so ìlú mọ́ ọ̀nà ìbaaka wà. Ní 21 December 2019, wágọ́ọ̀nù òfìfo méje tí wọ́n fi ń kó ọkà yà kúrò lórí irin níbẹ̀, méjì nínú wọn já sínú Potomac. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, àmọ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ náà bàjẹ́, ó sì di July 2020 kí wọ́n tó tún un ṣí. Mo fẹ́ràn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yìí ju orí òkè lọ. Lẹ́ńsì kékeré ti tó níbẹ̀, bíi 24mm, ọkọ̀ sì súnmọ́ yín débi pé afárá ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ gbójú sókè síbi àpáta: ìpolówó àtíkè Mennen tí wọ́n fi ọ̀dà kọ síbẹ̀ ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin lè kà á, ṣì hàn fírífírí.

Ohun kan wà tí mo máa ń ṣe níbẹ̀ kí n tó yọ kámẹ́rà. Ní October 1859, nígbà tí John Brown kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá gba ìlú yìí láti dá ẹrú sílẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó kú ni Heyward Shepherd, ọkùnrin adúláwọ̀ tó ti gba òmìnira, tó ń gbé ẹrù èrò ní ibùdókọ̀ ojú irin níbẹ̀. Ilé tí Brown sá wọ̀ kò sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé ojú irin gba ibòmíràn ní 1894, yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jọ fún un bo ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀, òpó òkúta kan ló ń tọ́ka sí i. Mo máa ń lọ dúró níbi òpó náà díẹ̀. Akẹ́rù tó bá kọjá lórí yẹ̀pẹ̀ yẹn, orí ìtàn wa ló ń gbà.

Ibi tí kánáálì àti ọkọ̀ ti ń pàdé

Ó wá ku ìbéèrè ẹ̀kẹta. Láti Point of Rocks, ẹ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ìwọ̀ oòrùn ní bíi máìlì mẹ́ta, ẹ ó dé odò kékeré Catoctin. Afárá òkúta alápá mẹ́ta ló gbé kánáálì kọjá lórí odò yìí, omi lórí omi. Àwọn ọdún 1830 ni wọ́n kọ́ ọ. Ní 1973, apá méjì nínú rẹ̀ wó sínú odò, afárá irin lásán ni wọ́n fi dí àyè náà fún ẹlẹ́sẹ̀ títí wọ́n fi tún òkúta náà tò padà ní 2011. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni afárá ojú irin wà.

Kò sí ibòmíràn ní máìlì méjìlá yìí tí ẹ ti lè rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó gbẹ́ kánáálì àti akẹ́rù tó ń kọjá nínú fọ́tò kan láìwá ọgbọ́n kún un. Ní Point of Rocks, ihò òkè ló ń sọ ìtàn náà. Ní Harpers Ferry, gíga òkè ti sọ kánáálì di ìlà tín-ín-rín lábẹ́ igi. Ní Catoctin, òkúta 1834 wà níwájú, irin wà lẹ́yìn, ohùn ọkọ̀ á sì ti dé etí yín kí ẹ tó rí i. Kò sí pèpéle, kò sí oúnjẹ, ènìyàn kì í pọ̀ níbẹ̀.

Ewé, eégbọn àti òfin

Láti ìparí November dé ìparí March ni àsìkò tèmi. Láti May, ewé á ti dí ojú ọ̀nà ìbaaka pa, pàápàá láàárín Brunswick àti Harpers Ferry. Ẹ ó gbọ́ ọkọ̀, ẹ kò ní rí i. Point of Rocks nìkan ló ṣeé lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láìsí wàhálà, torí pèpéle rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá wọ igbó nígbà ooru, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn nítorí eégbọn, kí ẹ sì ṣọ́ra fún ewé olójú mẹ́ta kan tí yóò yún yín bíi wèrèpè ilé. Dróònù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá: láti 2014 ni wọ́n ti fòfin dè é nínú àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀, kánáálì àti Harpers Ferry sì wà lára wọn.

Ẹ má tẹ orí irin. Ẹni tó dàgbà ní Òṣogbo tàbí Ọ̀fà, tó ti gba orí irin lọ sí ilé ìwé rí, lè rò pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọkọ̀ ibí yàtọ̀. Bó bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, atẹ́gùn lè gbé ohùn rẹ̀ lọ.

Ohun tó ń yí padà

Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ nìkan ni mò ń yà. Iná tó ń darí ọkọ̀ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. B&O ní iná tirẹ̀, àwo dúdú ńlá tó ní iná méjì méjì: aláwọ̀ ewé méjì tó nàró, ọkọ̀ máa lọ; ìyeyè méjì tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó múra; pupa méjì tó dùbúlẹ̀, kí ó dúró. Ní 2008, lẹ́yìn tí ọkọ̀ méjì kọlu ara wọn ní Chatsworth ní California, tí ènìyàn 25 sì kú, òfin jáde pé kí ilé iṣẹ́ ojú irin fi ẹ̀rọ tó lè dá ọkọ̀ dúró fúnra rẹ̀ sí ojú irin wọn. Ìparí 2020 ni ó di dandan kó wà níbi gbogbo tí òfin kàn. Bí wọ́n ṣe ń múra rẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń yọ àwọn àwo B&O, tí wọ́n ń fi iná òde òní rọ́pò wọn. Ohun rere ni, ẹ̀mí ènìyàn ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò kan péré ni mo ní nínú àwọn àwo yẹn, ó sì wà létí fọ́tò náà, ìdajì rẹ̀ ti gé dànù, torí orí ọkọ̀ ni mò ń wò. Ó ṣì ń dùn mí.

Ìyípadà mìíràn ń bọ̀ láti Baltimore. Ihò Howard Street, tí wọ́n ṣí ní 1895, kò ga tó fún kọ̀ntéńà tí wọ́n gbé lé orí ara wọn. CSX tì í pa ní February 2025 láti mú kó ga sí i, wọ́n sì ṣí i ní September ọdún náà. Ní Washington, wọ́n ti fi ihò tuntun méjì rọ́pò ti Virginia Avenue láàárín 2016 sí 2018 fún ìdí kan náà. Ọkọ̀ tó ga yóò máa pọ̀ sí i ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Fún ẹni tó bá ń lọ sí Point of Rocks, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kọ̀ntéńà méjì tó gun ara wọn á bo èyí tó pọ̀ nínú ilé ibùdókọ̀ Baldwin bí ẹ bá dúró nísàlẹ̀. Ẹ tètè ya èyí tó rẹlẹ̀ nísinsìnyí, ọkọ̀ èédú ní pàtàkì, nígbà tí òrùlé náà ṣì hàn lókè rẹ̀.

Cumberland náà wà, níbi tí kánáálì parí sí. Ibùdókọ̀ Western Maryland ti 1913 dára níbẹ̀, ọgbà ìtọ́kọ̀ CSX sì wà nínú ìlú náà. Ó jìn ju kí ẹ lọ kí ẹ bọ̀ lọ́jọ́ kan láìrẹ̀ yín. Ẹ fi sí ìgbà tí ẹ bá lè sùn síbẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nìyí: Saturday àkọ́kọ́ nínú December. A ó gbé kẹ̀kẹ́ méjì sẹ́yìn ọkọ̀, a ó dé Catoctin kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, a ó sì padà sí Point of Rocks lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá ti yí sí imú oríta náà. Wọ́n ní àwọn á gbé mọ́ínmọ́ín dání. Mo ní kí wọ́n mú bátìrì kejì pẹ̀lú, torí òtútù etí odò yẹn máa ń pa bátìrì, kí wọ́n sì kọ́kọ́ ya gbogbo iná, òpó àti àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin kí ọkọ̀ kankan tó dé.